Àìtó Ìmọ́lẹ̀ Ló Ń Fọ́n Hóró sí Fọ́tò

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ Canon ṣe ohun kan tó rú àwọn oníkámẹ́rà lójú. Lọ́dún tó ṣáájú ni wọ́n gbé PowerShot G10 jáde, kámẹ́rà pélébé tó ní mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 14.7, ìyẹn mílíọ̀nù 14.7 píksẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ wínníwínní tó ń para pọ̀ di fọ́tò. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, G11, máa fi dé, ẹni tó ń retí 16 tàbí 18 bá 10 péré lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ tí kámẹ́rà díjítà ti wọ ìgboro, nọ́ńbà yìí ni àwọn ọlọ́jà fi ń pe oníbàárà: ti ọdún yìí gbọ́dọ̀ ju ti èṣí lọ, wọn á sì kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí. Èwo wá ni ti ká ti orí 14.7 padà sí 10, ká tún máa polówó rẹ̀ bí ohun tuntun?

Hóró ló fà á. Ẹ̀yin náà ti rí i rí. Ẹ ya ìyá ìyàwó níbi àsè alẹ́. Lójú kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, ó dára bí ohun tí wọ́n yà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ẹ fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ìgbà náà ni àmì wínníwínní pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù yóò yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá, tí ògiri ẹ̀yìn wọn á sì máa ṣe jágajàga. Àwọn ayafọ́tò ń pè é ní nọ́ìsì. Nínú fíìmù àtijọ́, hóró fàdákà gidi ló ń fa irú rẹ̀, àwọn kan sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ń fi owó wá a. Mi ò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn àmì búlúù lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀.

Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta kámẹ́rà, á ní kámẹ́rà yín ló ti gbó. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹ to ife sí àárín àgbàlá nígbà tí òjò ń bọ̀. Bí òjò náà bá rọ̀ gan-an, gbogbo ife ló máa kún, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò sì ní hàn sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ó kàn kán tótó lásán, ife kan lè gba ẹ̀kán mẹ́ta, kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gba mẹ́fà, kí òmíràn gba ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ sì ni òjò kan náà ló rọ̀ sí gbogbo wọn. Píksẹ́ẹ̀lì inú kámẹ́rà ni àwọn ife yẹn, ìmọ́lẹ̀ sì ni òjò.

Ìmọ́lẹ̀ kì í dé lódindi. Ẹyọ-ẹyọ ló ń dé, fótọ́ọ̀nù ni àwọn onímọ̀ físíìsì sì ń pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá yẹ kí píksẹ́ẹ̀lì kan gba fótọ́ọ̀nù 100, ohun tí yóò gbà gan-an lè fi nǹkan bíi 10 lé sí i tàbí kó fi dín. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, ojú á rí i kedere. Bí èyí tó yẹ kó gbà bá jẹ́ 10,000, ìyàtọ̀ náà kò ní ju nǹkan bíi 100 lọ, ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí ojú tó máa rí i. Iná mànàmáná inú kámẹ́rà fúnra rẹ̀ tún ń fi tiẹ̀ kún un, ooru náà ń fi díẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n àìtó ìmọ́lẹ̀ ni bàbá gbogbo wọn. Kódà bí àwọn ẹnjiníà bá ṣe kámẹ́rà tí kò ní àbùkù kankan, hóró yóò ṣì wà nínú fọ́tò tí a bá yà lókùnkùn.

Ibí ni ISO, nọ́ńbà tí a fi ń sọ fún kámẹ́rà pé kó mú fọ́tò mọ́lẹ̀ sí i, ti ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Wọ́n á rí i pé tí àwọn bá gbé e láti 100 lọ sí 1600, fọ́tò mọ́lẹ̀ sí i, wọ́n á sì rò pé ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ló wọlé. ISO kò fi fótọ́ọ̀nù kan ṣoṣo kún ohun tó wọlé. Ìwọ̀nba tó wọlé náà ló ń sọ di púpọ̀, tòun ti ségesège tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ wá wo bí ojú tí kámẹ́rà pélébé fi ń gba ìmọ́lẹ̀, ìyẹn sẹ́ńsọ̀, ṣe kéré tó. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, kò ju mìlímítà 6.2 ní ìbú àti 4.6 ní òró. Kò tó èékánná ọmọńdinrín àgbàlagbà. Ti kámẹ́rà ńlá tí àwọn tó fi fọ́tò yíyà ṣiṣẹ́ ṣe ń gbé kọ́rùn jẹ́ mìlímítà 36 sí 24, ó sì fẹ̀ ju ti pélébé lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ọgbọ̀n. Sẹ́ńsọ̀ G10 àti G11 fẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọn lọ díẹ̀, nǹkan bíi 7.6 sí 5.7. Orí ilẹ̀ kékeré yẹn ni Canon to píksẹ́ẹ̀lì mílíọ̀nù 14.7 sí lọ́dún 2008. Nígbà tó di 2009, wọ́n to mílíọ̀nù 10 sórí ilẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè rí àyè gba ìmọ́lẹ̀.

Fujifilm ti ta irú ọgbọ́n yẹn tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2006 ni wọ́n gbé FinePix F30 jáde, mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 6.3 péré lórí sẹ́ńsọ̀ tó tó ti Canon wọ̀nyí, ISO rẹ̀ sì dé 3200. Kámẹ́rà náà kò lẹ́wà lójú, kò sì ní bọ́tìnì tó pọ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò alẹ́ tó ń yà mọ́ débi pé lẹ́yìn ọdún pípẹ́ tí wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀, àwọn tó mọyì rẹ̀ ṣì ń wá tòkúnbọ̀ rẹ̀ kiri. Ẹni tó bá fojú nọ́ńbà ara páálí wò ó lọ́dún yẹn á ti kọjá lára rẹ̀.

Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kì í ṣe iye píksẹ́ẹ̀lì nìkan ló ń fa hóró. Bí ẹ bá tẹ fọ́tò G10 àti ti G11 sórí bébà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, ìyàtọ̀ wọn yóò dín kù gan-an, torí pé àwọn píksẹ́ẹ̀lì kéékèèké ti G10 yóò para pọ̀ di ńlá nígbà tí a bá ń dín àwòrán náà kù. Bí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ló ṣe kókó jù. Ìdí nìyẹn tí RX100 tí Sony gbé jáde lọ́dún 2012 fi lè ní mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 20, kó sì tún yàwòrán alẹ́ ju G11 lọ: sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 13.2 sí 8.8, nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ti kámẹ́rà pélébé lásán, síbẹ̀ ó ṣì ń wọ àpò ṣòkòtò.

Kí ni kí ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ wá ṣe? A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ìmọ́lẹ̀ sì ni olórí níbí. Kí ẹ tó ronú kan sọ́fútíwíà kankan, ẹ wá ìmọ́lẹ̀. Ẹ sún àga bàbá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹ mú ìyàwó wá sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn kí oòrùn tó wọ̀. Níbi àríyá alẹ́, ẹ wo ibi tí ẹni tó ń ya fídíò dúró sí, torí pé iná ńlá wà lórí kámẹ́rà tirẹ̀; bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí náwó fún ìyàwó, tí iná yẹn sì kọjú sí i, ẹ yà á kíákíá. Iná ọ̀fẹ́ ni, kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Fíláàṣì tó wà lára kámẹ́rà pélébé wúlò, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í sábà kọjá mítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹni tó jókòó sí ìlà kẹwàá tó ń tan fíláàṣì sí orí pèpéle kàn ń tan án sí gèlè àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ni. Ẹ dìde, ẹ sún mọ́ wọn. Bí fíláàṣì bá ń mú kí iwájú orí èèyàn máa dán bí ẹni fi òróró pa á, ẹ fi tíṣù funfun kan bò ó lójú; ìmọ́lẹ̀ á dín kù díẹ̀ lóòótọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ fún ẹni tó bá wà nítòsí nìkan.

Sísún mọ́ èèyàn yìí tún dára ju fífi súùmù fà á wá lọ. Ọ̀pọ̀ ló rò pé súùmù kàn ń mú nǹkan tóbi ni, wọn ò mọ̀ pé ojú lẹ́ńsì ń há bó ṣe ń gùn. Canon S90, tó jáde lọ́dún kan náà pẹ̀lú G11, ṣí dé f/2.0 nígbà tí ẹ ò bá tíì fà á rárá (bí nọ́ńbà ẹ̀yìn f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe ń ṣí tó). Fà á dópin, kò lè ṣí ju f/4.9 lọ mọ́, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á sì di ìdá kan nínú mẹ́fà. Ohun tí kámẹ́rà máa ṣe láti dí àlàfo yẹn ni pé yóò gbé ISO sókè láìbéèrè lọ́wọ́ yín, hóró á sì dé. Bí kámẹ́rà yín bá gbà kí ẹ fi ààlà sí ISO, ẹ fi sí i. Lójú tèmi, sẹ́ńsọ̀ tó kéré jù lọ kò yẹ kó kọjá 400. Irú ti G11 lè dé 800. RX100 lè dé 1600 kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Èèyàn tó dúró jẹ́ẹ́ tàbí ilé tí kò lè rìn rọrùn: ẹ gbé kámẹ́rà lé tábìlì tàbí orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ lo aago inú rẹ̀ tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá méjì kó má bàa mì nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ fi ISO sí 100, kí ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ pẹ́ ní ṣíṣí. Tó bá wá di ti ijó, kò sí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó lè gbà wá. Ẹni tó ń jó fẹ́ ó kéré tán 1/125 ìṣẹ́jú àáyá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apá rẹ̀ á di méjì. Ẹ̀rọ tó ń dẹ́kun ìgbọ̀nrìrì inú kámẹ́rà ń dá ọwọ́ tiyín dúró ni, kò lè dá ẹni tó ń jó dúró. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ gbà kí hóró wà. Fọ́tò tó ní hóró ṣì ṣeé wò. Èyí tó gbọ̀n kò ṣeé tún ṣe.

Àwọn iná aláwọ̀ tí wọ́n ń tàn sí gbọ̀ngàn òde òní tún jẹ́ ọ̀tá tí ọ̀pọ̀ ò fura sí. Lójú píksẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni asẹ́ aláwọ̀ kan wà, gẹ́gẹ́ bí ètò tí Bryce Bayer ti ilé-iṣẹ́ Kodak gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dún 1976: ìdajì wọn ń gba àwọ̀ ewé, ìdá kan nínú mẹ́rin ń gba pupa, ìdá kan nínú mẹ́rin sì ń gba búlúù. Ẹ wá ronú gbọ̀ngàn tí wọ́n tan iná búlúù sí láti òkè délẹ̀. Píksẹ́ẹ̀lì kan nínú mẹ́rin ló ń rí nǹkan gidi gbà; àwọn yòókù wà nínú òkùnkùn. Gílóòbù aláwọ̀ pupa rúsúrúsú tí a ń lò nílé láyé ìjọ́sí ní ìṣòro tirẹ̀ náà: búlúù inú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré jọjọ, kí aṣọ funfun sì tó lè funfun nínú fọ́tò, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ sọ ìwọ̀nba búlúù yẹn di ìlọ́po mélòó kan, tòun ti hóró inú rẹ̀. Ẹ tan iná funfun díẹ̀ kún un, kódà tọ́ọ̀ṣì fóònù, ẹ ó rí ìyàtọ̀. Bí kò bá sí èyí tó ṣeé ṣe, ẹ sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun. Àwọ̀ inú hóró á lọ, ìwọ̀nba tó kù á sì jọ ti fíìmù, kò ní bínú sí ojú.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú, torí pé ìwé tó wá pẹ̀lú kámẹ́rà kì í sọ ọ́. Inú ibi tó ṣókùnkùn nínú fọ́tò ni hóró ń sá sí, torí ibẹ̀ ni fótọ́ọ̀nù kéré sí jù. Awọ dúdú kì í dá ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ padà bí awọ funfun. Ẹ wá fi léèsì funfun wọ arẹwà obìnrin dúdú kan, kí ẹ dúró tì í lábẹ́ iná gbọ̀ngàn: kámẹ́rà á rí léèsì tó ń tàn yòò, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú obìnrin náà á sì ṣú. Nígbà tí ẹ bá délé tí ẹ fẹ́ fa ojú náà sókè lórí kọ̀ǹpútà, hóró ni ẹ máa fà jáde. Ojú ni kí ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà wọn ìmọ́lẹ̀ lé, kì í ṣe aṣọ. Bọ́tìnì kan wà lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà pélébé tó ní àmì + àti −. Ẹ gbé e sí +⅔ tàbí +1. Léèsì lè pàdánù díẹ̀ nínú iṣẹ́ ọnà rẹ̀. Kò burú, torí pé kò sẹ́ni tó ń gbé fọ́tò kọ́ sára ògiri nítorí léèsì. Ó sàn kí ẹ yà á ní ISO 800 kó mọ́lẹ̀ dáadáa, ju kí ẹ yà á ní 200 kó ṣú, kí ẹ wá máa fà á sókè lẹ́yìn náà.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn tó ń ya ìràwọ̀ ti ń lò tipẹ́, òun náà sì ni àwọn fóònù ayé òde òní ń fi ya alẹ́. Tí ẹ bá ya ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin láìmi kámẹ́rà, hóró kì í jókòó sójú kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n ilé àti igi kì í kúrò láyè wọn. Bí ẹ bá pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kí ẹ mú ìdọ́gba wọn, hóró á dín kù sí ìdajì. Mẹ́rìndínlógún á sọ ọ́ di ìdá kan nínú mẹ́rin. Google fi irú èyí sínú fóònù Pixel rẹ̀ lọ́dún 2018, ó pè é ní Night Sight. Ṣáájú ìgbà náà, lọ́dún 2009, Sony WX1 ti ń pa fọ́tò mẹ́fà pọ̀ di ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ẹ lè fọwọ́ ṣe é nínú GIMP, sọ́fútíwíà àwòrán tó jẹ́ ọ̀fẹ́: ẹ to fọ́tò mẹ́rin lé ara wọn, ẹ fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ ní 100, ẹ jẹ́ kí èyí tó tẹ̀ lé e hàn ní 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ìkẹta ní 33, ìkẹrin ní 25. Ẹni tó bá gun Òkè Ààrẹ ní Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́, tó fẹ́ ya àwọn òrùlé aláwọ̀ ìpẹtà yẹn bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, ọ̀nà yìí ni kó gbà. Kò ṣiṣẹ́ fún ọmọdé tí kì í dúró sójú kan.

Ọ̀rọ̀ wá kan kọ̀ǹpútà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba fọ́tò jẹ́ pátápátá nìyí. Hóró oríṣi méjì ló wà: ti àwọ̀, ìyẹn àwọn àmì pupa àti búlúù yẹn, àti ti òkùnkùn-òun-ìmọ́lẹ̀, tó dà bí eruku. Ẹ kọlu ti àwọ̀ láìbẹ̀rù, torí pé nínú fọ́tò, ojú wa kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣọ́ bí àwọ̀ ṣe mọ níbi kọ̀ọ̀kan. Sọ́fútíwíà Lightroom pàápàá ń fi 25 sí ti àwọ̀ fúnra rẹ̀ tí fáìlì bá jẹ́ RAW, ìyẹn fáìlì tútù tí kámẹ́rà kò tíì fọ̀, ó sì ń fi òdo sí ìkejì. Ìkejì yìí ni kí ẹ máa rọra fọwọ́ kàn. Bí ẹ bá fà á jù, ojú èèyàn á máa dán bíi rọ́bà, òwú inú aṣọ òfì á pa rẹ́, àdìrẹ á di bátabàta. Ẹ má sì gbàgbé ilà ojú. Àbàjà tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí pélé lójú bàbá àgbà, lójú sọ́fútíwíà, kò yàtọ̀ sí ìdọ̀tí tó yẹ ní nínù. Bí ó bá nu ún tán, ojú ẹlòmíràn lẹ gbé kọ́ ògiri.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2023 ni Lightroom ti ní irinṣẹ́ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá tó ń yọ hóró, DxO sì ti ní tirẹ̀, DeepPRIME, láti 2020. Wọ́n dára gan-an, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí wọn ò bá ti rí nǹkan, wọ́n lè fi ohun tó jọ ọ́ dí i, nítorí náà ẹ fẹ fọ́tò náà kí ẹ wo ojú àti ọwọ́ kí ẹ tó gbà á. Ẹni tí kò lówó wọn lè lo darktable tàbí RawTherapee lọ́fẹ̀ẹ́. RAW ṣe pàtàkì púpọ̀ níbí, torí pé JPEG tí kámẹ́rà bá fúnni, kámẹ́rà ti fọ̀ ọ́, ó ti há a mọ́lẹ̀, ohun tó ti pàdánù kò sì lè padà. G10, G11, S90 àti RX100 ń ya RAW. F30 kì í yà á. Fún àwọn PowerShot kéékèèké mìíràn tí Canon kò fún ní RAW, àwọn aláfẹ́ kan kọ sọ́fútíwíà tí wọ́n ń pè ní CHDK. Orí káàdì ló ń gbé, kì í pa ohun tó wà nínú kámẹ́rà rẹ́.

Kí ẹ tó ṣe wàhálà kankan sì rèé, ẹ bi ara yín léèrè ibi tí fọ́tò náà ń lọ. Bébà 4×6 íǹṣì kò nílò ju nǹkan bíi mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 2 lọ láti mọ́ kedere. Tí ẹ bá tẹ fọ́tò mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 10 sórí rẹ̀, píksẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ó lé ló máa para pọ̀ di ọ̀kan, hóró á sì ti dín kù sí nǹkan bí ìdajì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ hóró tó ń kó ìdààmú bá èèyàn lórí kọ̀ǹpútà kò ní hàn nínú álíbọ́ọ̀mù rárá. Bí ẹ bá sì ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, torí bí ó bá tún un há, hóró á di búlọ́ọ̀kù.

Àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ti tún ń wá kámẹ́rà pélébé àtijọ́ rà nítorí fíláàṣì rẹ̀ àti hóró rẹ̀ gan-an, wọ́n ní ó jọ fọ́tò ìgbà tí wọ́n wà ní kékeré. Mi ò bá wọn jà. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n bi ọlọ́jà ni bí sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, kí wọ́n tó bi í ní mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì.

Gbogbo yín tí ẹ ní káàdì àti díìsìkì tí fọ́tò ìgbéyàwó, ìkómọ àti ìsìnkú wà nínú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pa ojúlówó fáìlì rẹ́ nítorí pé ẹ ti fọ ọ̀kan mọ́. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà méjì, ọ̀kan síbí, ọ̀kan sí ilé ẹbí mìíràn. RAW tí G11 yà lọ́dún 2009 ń mọ́ lónìí ju bó ṣe mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, torí pé sọ́fútíwíà tó ń ṣí i ti gbọ́n sí i.